Epo Tí A Fi Ń Pa Òjé

Ìjà ni mo fi mọ̀ pé nǹkan ń ṣe ọwọ́ mi. Ìjà ẹnu ni o, kì í ṣe tẹ̀ṣẹ́. Awakọ̀ takisí kan gbé bátìrì tí mo tún ṣe fún un padà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́bàá títì ní Ifẹ̀. Ó ní kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tó fi tún kú, ó ní olè ni mí. Èmi! Ẹ lè sọ pé mo le. Ẹ lè sọ pé ẹnu mi mú, ìyàwó mi pàápàá á bá yín sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan pè mí lólè lójú títì? Mo fò dìde, mo na ọwọ́ ọ̀tún sí i lójú kí n tó tú èébú sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi.

Apá mi gòkè. Ọwọ́ kò gòkè. Láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka, ó so rọ̀ síbẹ̀, ó kọjú sílẹ̀ bí ọrùn adìẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Mo tún gbé e, ó tún wó. Mo fi ọwọ́ òsì gbé e dúró, mo jù ú sílẹ̀, ó wó. Awakọ̀ náà wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, àbí bátìrì tiyín náà ti kú ni?"

Ẹ̀rín yẹn dùn mí ju olè tó pè mí lọ. Òótọ́ ni pé kọ́kọ́rọ́ ti ń já bọ́ lọ́wọ́ mi láti bí oṣù mélòó kan, tí bọ́tìnì ẹ̀wù sì ti ń fún mi ní wàhálà láàárọ̀. Ọjọ́ orí ni mo pè é. Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni mí nígbà yẹn, mo sì rò pé bí ara ṣe ń gbó nìyẹn, díẹ̀díẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ sì ni iṣẹ́ mi. Tí bátìrì ọkọ̀ bá kú, irú wa ni wọ́n ń gbé e wá fún. A ó ṣí orí rẹ̀, a ó da áásìdì rẹ̀ nù, a ó fa àwọn àwo inú rẹ̀ yọ. Òjé ni àwọn àwo náà. Èyí tó bá ti bàjẹ́, a ó fọ́ ọ, a ó yọ́ ọ nínú ìkòkò irin lórí èédú, a ó fi da orí tuntun fún bátìrì, a ó sì fi so àwọn àwo tó kù pọ̀. Òjé kì í ṣe agídí bí irin. Kò pẹ́ kó yọ́, tó bá sì yọ́ tán, ó máa ń dán gbinrin nínú ìkòkò débi pé èèyàn lè fi wo ojú. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo fẹ́ràn òjé.

Ẹdúnàbọ̀n ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ń gbé, ṣọ́ọ̀bù wọn wà lójú ọ̀nà Ìbàdàn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àwọn àgbà wa ò mọ̀ pé òjé ń pani. Ọ̀gá mi mọ̀. Láti ọjọ́ kìíní ni wọ́n ti sọ fún wa pé májèlé ni, wọ́n sì fún wa ní ohun tí wọ́n gbà pé ó ń pa á, ìyẹn epo pupa. Agolo epo kan máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Kí a tó yọ́ òjé, a ó ti ìka bọ epo, a ó lá a. Tí a bá yọ́ ọ tán, a ó tún lá a. Wọ́n á ní, "Ẹni tó bá gbàgbé epo, òjé ò ní gbàgbé rẹ̀." Ẹni tó bá gbàgbé lójú wọn, ìfọ́tí ló ń jẹ.

A kì í fọ agolo náà. Tí epo rẹ̀ bá lọ sílẹ̀, a ó da tuntun lé ti àná. Ọjọ́ tí mo parí iṣẹ́ kíkọ́ tí mo ṣe fíríìdọ̀mù, lẹ́yìn àdúrà, lẹ́yìn oúnjẹ, inú agolo tiwọn ni ọ̀gá mi ti bu epo sínú agolo tèmi, pé kí n máa bá a lọ, kí epo ilé wa má tán lọ́wọ́ mi. Mo gbé e wá sí Ifẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo fi lá epo yẹn, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, mo sì fi ń yangàn láàárín àwa oníbátìrì pé ikọ́ òjé kò mú mi rí.

Ìyàwó mi ni mi ò lè fi ọwọ́ náà pamọ́ fún. Aránṣọ ni, iwájú ilé wa ní Ìlódè ló gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí, ojú rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. Ó bá mi níbi tí mo ti ń fi ọwọ́ òsì jẹun. Àgbàlagbà bíi tèmi, ọwọ́ òsì nínú àwo! Ó gbé àwo kúrò níwájú mi. Ó ní, "Bàbá wọn, ẹ na ọwọ́ ọ̀tún yín kí n rí i." Mo pariwo mọ́ ọn. Mo ní ṣé òun náà ti di sójà ni. Ó dúró títí mo fi pariwo tán, ó tún ní, "Ẹ nà án." Mo nà án. Ó wó. Ó wọlé lọ mú ìborùn rẹ̀.

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ni a kọ́kọ́ lọ. Dókítà ibẹ̀ tẹ apá mi, ó wo àárín àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀, níbi tí ẹran ti jẹ wọnú. Ó gbé òòlù kékeré lu orúnkún mi. Lẹ́yìn náà ló dárúkọ gígùn kan tí mo ní kó tún dá fún mi lẹ́ẹ̀mejì: mọtọ́ níúrọ̀nù. Ó ní ọpọlọ ló ń ránṣẹ́ sí ẹran ara pé kó gbéra, pé àwọn iṣan tó ń jẹ́ iṣẹ́ náà ló ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní ọwọ́ kan ló máa ń mú nígbà míì, kó tó dé ọwọ́ kejì, kó tó dé ọ̀fun, kó tó dé ibi èémí. Mo ní, "Oògùn rẹ̀ ńkọ́?" Ó wo tábìlì rẹ̀. Ó ní òun ò tíì fọwọ́ sọ̀yà pé àìsàn náà ni, kí a gba ọsibítù ńlá lọ fún àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí n máa palẹ̀ mọ́.

Ẹ̀rù bà mí. Kí ni mo fẹ́ fi bò? Èmi tí mo máa ń bá awakọ̀ tírélà jà, mo tẹ̀ lé ìyàwó mi jáde bí ọmọdé. Ọwọ́ kan ni mo wá wò, èémí mi ni wọ́n ń sọ. Ìyàwó mi ń lọ níwájú, kò bojú wẹ̀yìn, àfi ìgbà tí a dé ibi tí a ó ti wọ ọkọ̀ ló tó yíjú sí mi. Ó ní, "Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Wọn ò tíì sọ pé ikú ni."

Ní ọsibítù ńlá, a tò títí oòrùn fi kan orí wa kó tó kàn wá. Dókítà tó wò mí, obìnrin ni, ó kéré sí àkọ́bí mi, ó sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ. Mo ti fẹ́ bínú pé ṣé ọmọdé yìí ni wọ́n fà mí lé lọ́wọ́. Ó ní, "Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe, Bàbá?" Ìbéèrè yẹn, kò sí ẹni tó bi mí rí láti ọjọ́ tí ọwọ́ ti ń wó. Mo ní bátìrì ni mo ń tún ṣe. Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ máa ń yọ́ òjé?" Mo ní, "Lójoojúmọ́."

Wọ́n ní kí n dùbúlẹ̀, wọ́n lẹ wáyà mọ́ mi lápá, wọ́n ń fi iná ta mí díẹ̀díẹ̀ láti mọ bí iṣan ṣe ń dáhùn. Mo rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ti ń fi iná sí bátìrì lára látìgbà ọ̀dọ́, ó wá kàn mí. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n ní á lọ sí ibi tí ẹ̀rọ tó ń wọn òjé wà.

Dókítà náà jókòó tì wá lẹ́yìn náà. Ó ní, "Bàbá, nǹkan méjì ló wà níwájú wa, wọ́n sì jọra. Ọ̀kan ni èyí tí dókítà àkọ́kọ́ dárúkọ. Ìyẹn kì í padà. Ìkejì ni kó jẹ́ pé òjé ló ba iṣan ọwọ́ yín jẹ́. Ìyẹn lè padà, bí a bá rí ibi tó ń gbà wọlé, tí a sì dí i." Mo bi í bóyá òjé náà lè fa ti àkọ́kọ́ yẹn. Ó ní àwọn onímọ̀ ń wádìí rẹ̀. Àwọn kan fura pé ẹni tó bá pẹ́ nídìí òjé àti àwọn irin míì lè wà nínú ewu rẹ̀ ju ẹlòmíì lọ, ṣùgbọ́n wọn ò tíì fẹnu kò, òun ò sì ní purọ́ fún mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn. Àtìgbà náà ni mo ti mọ ohun tí mo ń bá Ọlọ́run tọrọ. Bí ẹlòmíì ṣe ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má rí májèlé lára òun, bẹ́ẹ̀ ni mo ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n rí i lára tèmi.

Wọ́n rí i. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, dókítà náà gbé ìwé èsì síwájú wa, ó ní òjé inú ẹ̀jẹ̀ mi ga kọjá ààlà, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ní, "Dókítà, májèlé kún ẹ̀jẹ̀ mi, ẹ ń rẹ́rìn-ín?" Ó ní, "Bàbá, a ti rí ọ̀nà kan nìyẹn." Ó ní kí n fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, kí n má dé ibẹ̀ rárá, kí n má fọwọ́ kan òjé mọ́. Ó ní bí òjé ẹ̀jẹ̀ mi bá lọ sílẹ̀ tí ọwọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra, a ti yọ. Bó bá lọ sílẹ̀ tí ọwọ́ ṣì ń wó, a jẹ́ pé ti àkọ́kọ́ yẹn ni.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ó dùn mí wọ egungun, ṣùgbọ́n mo tì í. Ìyàwó mi kó gbogbo aṣọ iṣẹ́ mi jáde nílé, ó fi ọṣẹ fọ ilẹ̀, ó fọ ògiri, bí ẹni ń lé àlejò burúkú. Ó wá lọ sí ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ lọ gbé nǹkan kan ṣoṣo wá sílé: agolo epo. Ó ní bí òjé bá ṣì wà lára mi, ìgbà yìí gan-an ni mo nílò ohun tó ń pa á. Kò fi mọ sí ìka lílá mọ́ o. Ṣíbí kan láàárọ̀, ṣíbí kan nírọ̀lẹ́, ó sì máa ń dúró tì mí títí n ó fi gbé e mì. Tí epo bá ń tán, a da tuntun lé e. Mo ń gbé e mì, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Oṣù kẹta kò tíì pé tí ọwọ́ òsì náà fi bẹ̀rẹ̀.

Mo ń gbìyànjú láti fi òsì di ife tíì mú ni. Ife náà yẹ̀, tíì dà sí mi lẹ́sẹ̀. Mo na ọwọ́ òsì níwájú mi. Kò wó tán, ó ń gbọ̀n, ó ń tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn. Yéè! Ohun tí dókítà àkọ́kọ́ sọ dé etí mi padà: kó tó dé ọwọ́ kejì. Mo pe ìyàwó mi. Mo ní kó wò ó. Ó wò ó, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín aṣọ oníbàárà. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, mi ò tijú láti sọ ọ́. Mo rò pé ó parí.

Wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀ mi. Nígbà tí èsì dé, dókítà jẹ́jẹ́ yìí, ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó ní òjé náà kò lọ sílẹ̀. Ó ní ó gòkè sí i. "Bàbá, ẹ̀yin ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù."

Inú bí mi! Mo dìde dúró. Mo ní ta ló ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù? Mo ní kí wọ́n lọ wo ilẹ̀kùn mi, alántakùn ti takùn sí i. Mo ní wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi tán, ó tún ku kí wọ́n pè mí ní òpùrọ́. Nọ́ọ̀sì méjì yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó mi ń fà mí lẹ́wù pé kí n jókòó, òun náà sì ń búra láàárín ariwo mi pé, "Dókítà, ojú mi ni wọ́n wà tọ̀sántòru. Wọn ò lọ. Ọlọ́run ń gbọ́." Dókítà náà jẹ́ kí a pariwo tán. Ó wo ìyàwó mi dáadáa. Ó ní, "Mo gbà yín gbọ́, Mà. A jẹ́ pé inú ilé ni ó ti ń wọlé. Ẹ lọ kó gbogbo ohun tó ń gba ẹnu wọn wọlé wá fún mi. Gbogbo rẹ̀."

Ìyàwó mi kì í fi nǹkan falẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó kó gbogbo rẹ̀ sínú agbọ̀n ńlá kan: omi kànga nínú ike, gààrì, ewé tíì, àgbo tí àbúrò mi fi ránṣẹ́, ife tí mo fi ń mu omi, àní ọṣẹ ìfọyín mi. Dókítà ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bèèrè, ó ń kọ̀wé. Ó kan agolo. Ó ní, "Èyí ńkọ́?"

Ìyàwó mi na ọrùn pẹ̀lú ìgbéraga. Ó ní, "Ìyẹn ni ohun tó ń gbà wọ́n là láti ọjọ́ yìí. Epo tí wọ́n fi ń pa òjé ni." Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi ní Ẹdúnàbọ̀n títí dé ṣíbí àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́.

Dókítà náà fa agolo sọ́dọ̀. Ó mú ṣíbí, ó tì í dé ìsàlẹ̀ agolo, ó rú u, ó sì fà á jáde. Ohun tó wà lórí ṣíbí kì í ṣe epo. Ẹrẹ̀ ni, ó dúdú bí èédú, ó wúwo, ó ń dán fírífírí níbi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé kàn án. Kò sí ẹni tó ní láti sọ fún mi. Láti ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń gbá irú rẹ̀ nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Òjé ni.

Agolo tí kò ní ìdérí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, tí eruku àti èéfín ń bà sínú rẹ̀. Ìka tí mo fi fọ́ àwo òjé, mi ò fọ̀ ọ́, òun náà ni mo ń tì bọ epo, òun náà ni mo ń lá. Epo tuntun lórí ẹrẹ̀ àná, lórí ẹrẹ̀ ọdún tó kọjá, lórí èyí tí ọ̀gá mi bù fún mi lọ́jọ́ fíríìdọ̀mù. Inú ẹ̀fọ́ ni kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́ wà, àwọn àgbà ti sọ ọ́, èmi ò sì gbọ́. Mo ti fi ọgbọ̀n ọdún jẹ òjé, mo ń pè é ní oògùn.

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ ké. "Mo gbé! Èmi ni mo ń fi ṣíbí bu májèlé fún ọkọ mi! Ọwọ́ ara mi!" Ó fẹ́ fi orí gbá tábìlì. Mo wá inú tó máa ń bí mi, mi ò rí i. Ó yà mí lẹ́nu. Mo fi apá tí ọwọ́ rẹ̀ ti wó yẹn gbá a mọ́ra. Mo ní, "Ṣé ìwọ lo kọ́ mi níṣẹ́ ni? Èmi ni mo gbé epo náà wọ ayé rẹ. Ìfẹ́ lo fi ń bù ú fún mi, ẹ̀bi rẹ kọ́." Dókítà náà yíjú sí fèrèsé, ó ń nu ojú rẹ̀.

Kò tàn wá o. Ó ní, "A ti dí ọ̀nà. Ohun tó kù, ọwọ́ náà ni yóò sọ fún wa. Ó lè padà, ó sì lè má padà tán. Ẹ má retí rẹ̀ lọ́la."

Mi ò ní sùúrù, Ọlọ́run ló fún mi ní ìyàwó tó ní i. Ó fi aṣọ tó nípọn rán ìbọ̀wọ́ gígùn kan fún mi, ó fi rúlà onígi tó fi ń wọn aṣọ há a láàárín, kí ọwọ́ má bàa wó sílẹ̀ lójú oorun àti lọ́sàn-án. Ó ní kí n máa fi ìka kọ̀ọ̀kan ti ìka rẹ̀, ìgbà ogún láàárọ̀, ìgbà ogún ní ọ̀sán. Mo ń kùn, mo ń bú rúlà, mo ń bú ọ̀gá mi, mo ń bú oníbátìrì gbogbo, ó ń kà lọ. "Mẹ́tàlá. Ẹ tì í. Mẹ́rìnlá." Lóṣù kejì, ọwọ́ òsì dẹ́kun gbígbọ̀n. A wo ara wa, ẹ̀rù ń bà wá pé a ó fi ẹnu ba nǹkan jẹ́. Ọ̀tún ò mira. Oṣù kẹrin, kò mira. Oṣù karùn-ún, ìka kékeré gbéra díẹ̀, ó tún sùn padà, mo sì fi gbogbo ọjọ́ náà wò ó bí ẹni wo ẹyin tó fẹ́ pa.

Ewúrẹ́ ló parí ọ̀rọ̀ náà. Mo jókòó síwájú ilé láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ìbọ̀wọ́ onírúlà kí n lè wẹ̀. Ìyàwó mi ń wọn obìnrin kan lẹ́yìn. Ewúrẹ́ aládùúgbò wa kan, olè paraku, ó rọra gorí pèpéle, ó ti ẹnu bọ léèsì oníbàárà. Léèsì tí wọ́n ń bọ̀ wá gbà lọ́jọ́ náà! Mi ò ronú. Mo fa bàtà yọ lẹ́sẹ̀, mo ní, "Olóríburúkú ẹran!" mo sì jù ú. Bàtà bá a ní ìbàdí, ó ké mèè, ó sá lọ.

Ìyàwó mi yíjú. Mo rò pé léèsì ló fẹ́ ké lé lórí. Ó ní, "Ọwọ́ yín!" Mo ní kí ló ṣe ọwọ́ mi? Ó ní, "Ọwọ́ wo lẹ fi jù ú?"

Mo wò ó. Ọwọ́ ọ̀tún mi ṣì wà lókè, ó nà gbọọrọ, àtẹ́lẹwọ́ kọjú síta, ìka márààrún dúró ṣánṣán. Háà! Mo gbé e sílẹ̀, mo tún gbé e. Ó gòkè. Ìyàwó mi ju téèpù nù, ó jó láàárín àwọn àgékù aṣọ, oníbàárà rẹ̀ náà ń jó láìmọ ohun tí wọ́n ń jó sí. Gbogbo àdúgbò jáde. Wọ́n bi wá pé ta ló bímọ. Ìyàwó mi ní, "Ọkọ mi ju bàtà lu ewúrẹ́!" Ẹni tó ni ewúrẹ́ ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá kí òun bínú ni tàbí kí òun bá wa yọ̀.

Dókítà náà tẹ ọwọ́ mi wálẹ̀ nígbà tí a padà lọ. Ó tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ kan, kò lọ. Ó fi méjèèjì tẹ̀ ẹ́. Ó lọ díẹ̀, mo sì tì í padà. Èsì ẹ̀jẹ̀ ti wà lórí tábìlì: òjé ti lọ sílẹ̀ gan-an. Ó ní, "Bàbá, kì í ṣe ti àkọ́kọ́ yẹn. Òjé ni. Ẹ ti yọ." Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo ní kó sọ ọ́ fún ìyàwó mi náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ mi ló jókòó sí.

Ibi tí ẹlòmíì ì bá ti lọ sílé lọ sinmi, ìbínú mi tún gbé mi dìde. Ọ̀gá mi ṣì wà ní Ẹdúnàbọ̀n, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n ṣì ń yọ́ òjé, wọ́n ṣì ń lá epo. Mo gbé takisí kan, mo lọ bá wọn.

Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n gbọ́ títí, ojú wọn le. Wọ́n ní, "Ṣé ohun tí o wá sọ ni pé èmi ni mo fún ọ ní májèlé?" Mo ní rárá, ẹni tó fún ẹ̀yin náà kò mọ̀. Wọ́n ní ìwé ti yí mi lórí. Wọ́n ní ọ̀gá tàwọn lá a, ọ̀gá ọ̀gá wọn lá a, pé àwọn oníṣègùn òyìnbó, ohun tí wọn kò bá mọ̀ ni wọ́n ń pè ní májèlé. Wọ́n dìde láti lọ fi agolo hàn mí, kí n rí bó ṣe mọ́ tó. Ìgbà yẹn ni mo rí ẹsẹ̀ wọn. Ẹsẹ̀ òsì ò gbéra. Orí ìka rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, wọ́n sì ń gbé orúnkún ga kí wọ́n má bàa kọsẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, láti ìgbà wo?" Wọ́n ní làkúrègbé ni. Gbogbo ìbínú tí mo gbé wá láti Ifẹ̀ tán lára mi. Ẹni tí mo bẹ̀rù jù láyé nígbà èwe mi ló ń wọ́ ẹsẹ̀ yìí.

Mo ní, "Ọwọ́ mi ti wó ju ẹsẹ̀ yín lọ rí." Wọ́n wò mí bí ẹni wo oníjìbìtì. Wọ́n na ìka sí bátìrì ọkọ̀ tó wà nílẹ̀, odidi, tí kò tíì ṣí. Wọ́n ní, "Gbé e. Ọwọ́ kan. Ọ̀tún."

Mo tẹ̀ ba, mo di ìfà rẹ̀ mú, mo gbé e. Ó wúwo, apá mi ń gbóná, ṣùgbọ́n ọrùn ọwọ́ mi ò yẹ̀. Mo gbé e dé àyà, mo dúró bẹ́ẹ̀, mo ń wo ojú ọ̀gá mi. Ojú wọn kọ́kọ́ wà lára bátìrì, ó bọ́ sára ọwọ́ mi, ó sì wálẹ̀ sí ẹsẹ̀ tiwọn. Mi ò gbé e sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ó tó." Ohùn wọn ti yí padà.

Wọ́n gbé agolo, wọ́n fẹ́ dà á sílẹ̀. Mo ní, "Ẹ má dà á síbẹ̀, Ọ̀gá, adìẹ á jẹ ẹ́." Mo bá wọn rọ ọ́ sínú ọ̀rá, kí n lè dì í. Epo kọ́kọ́ dà, ó pupa, ó mọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹrẹ̀ dúdú yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, kítikìti, kò fẹ́ tán. Ọ̀gá mi dúró, wọ́n ń wò ó.

Mo bèèrè omi àti ọṣẹ, a jọ fọ ọwọ́ wa dé ìgbọ̀nwọ́. Wọ́n ń fọ èékánná wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò wo ojú mi. Wọ́n ní, "Dókítà tó o sọ yẹn, ọjọ́ wo ló máa ń wà níbẹ̀?"

Mo ní, "Òní ni, Ọ̀gá. Takisí ń dúró dè yín níta."